Nígbà Tí Iná Mànàmáná Bá Kú Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná tí ó kú nínú ilé ni. Bóyá ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì wí pé, "Kí ni a tún fẹ́ fi kọ́ wa nípa iná tí ó lọ? Ṣé a kò bá a láyé ni?" Òtítọ́ ni. Bí ohun kan bá wà tí ọmọ ilẹ̀ wa mọ̀ dájú, iná tí ń lọ tí ó sì ń bọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé iná lọ, ọ̀tọ̀ ni. Kí a mọ ìdí tí ó fi lọ, ọ̀tọ̀ ni. Kí a sì mọ ohun tí ọwọ́ wa lè kàn àti èyí tí kò gbọdọ̀ kàn, ọ̀tọ̀ gbáà ni. Ohun tí ojú mi rí nígbà tí a rán mi lọ kọ́ṣẹ́ ìkọ́ni ni ó mú mi kọ ọ́.

Ní ilé tí mo wọ̀ sí nígbà náà, ayálégbé márùn-ún ni a ń lo mítà kan ṣoṣo. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò, iná ilé wa kú lójijì. A yọjú sí òde, a sì rí i pé iná ilé kejì ń tàn yòò. Bàbá onílé wa wí pé, "Fẹ́ẹ̀sì wa ni ó lọ. Ẹ lọ pe ọmọ yẹn wá fún mi." Ọmọ tí ó ń wí jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò, tí kò kọ́ iṣẹ́ iná lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tí ó láyà púpọ̀. Ó dé, ó fa bẹ́ǹṣì kan sí abẹ́ kọ́tàòtù tí ó wà lára ògiri, ó sì gun orí rẹ̀ ní ẹsẹ̀ lásán, ó fi ọwọ́ òsì ti ògiri tí òjò ti rin, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún mú ẹ̀mú. Bàbá onílé wò mí, wọ́n ní, "Tíṣà, bá a tan tọ́ọ̀ṣì." Mo ní, "Ó dára, Bàbá." Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún, tí mo ń kọ́ wọn pé omi a máa la ọ̀nà fún iná mànàmáná. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri tútù náà, mo sì dákẹ́, nítorí pé àlejò ni mí, ojú sì ń tì mí láti bá àgbà jiyàn.

Iná gbá a. Kò pariwo, ohùn kan bí ohùn ẹni tí a fún lọ́rùn ni ó ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó sì ṣubú láti orí bẹ́ǹṣì. Ìṣubú náà ni ó já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Bí kò bá ṣubú, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀mí rẹ̀ ìbá wà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jóná, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní òru náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá oníṣẹ́ iná kan tí ó ti dàgbà wá. Kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkankan. Ó wo mítà: ojú mítà ń tàn, owó sì wà nínú rẹ̀. Ó ṣí àpótí bírékà: bírékà àgbà ti wálẹ̀. Ó béèrè ẹni tí ó lọ aṣọ lálẹ́ àná, Ìyá Ìbejì sì dáhùn pé òun ni. Ó yọ áyọ́ọ̀nù náà kúrò, ó ti bírékà sókè, iná sì dé. Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ ju àkókò tí ènìyàn fi ń mu omi ife kan lọ. Fẹ́ẹ̀sì wa kò lọ síbì kan.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ọ̀gá yìí léèrè, tí mo sì ń kà nípa rẹ̀, mo sì fẹ́ kí a jọ pín nínú ohun tí mo rí kọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ibi jíjìn ni ó ti ń bọ̀, bíi Káínjì ní orí odò Ọya, tàbí Ẹ̀gbin ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ní Òṣogbo ni ilé tí a ti ń ṣọ́ ọ̀nà iná gbogbo Nàìjíríà wà. Láti orí àwọn wáyà ńláńlá ni agbára rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di 33,000 fólítì, àti 11,000 fólítì ní àdúgbò. Tíráńsífọ́mà tí a ń rí lẹ́bàá ọ̀nà ni ó ń sọ 11,000 yìí di nǹkan bí 230 tí ilé wa ń lò. Fẹ́ẹ̀sì mẹ́ta ni ó ń jáde láti inú tíráńsífọ́mà, pẹ̀lú wáyà kẹrin tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní níútírà. A pín àwọn ilé sórí fẹ́ẹ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó bẹ́ẹ̀ tí ilé tìrẹ lè ṣókùnkùn nígbà tí ilé tí ó kọjú sí ọ ń tàn. Nítorí náà ni Bàbá onílé wa kò fi ṣe aṣiwèrè nígbà tí wọ́n wí pé fẹ́ẹ̀sì ni. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n dájọ́ kí wọ́n tó wádìí.

Bí iná bá kú, ojú ni kí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí ọwọ́ ó dúró. Kí a tan tọ́ọ̀ṣì; àbẹ́là kò dára, pàápàá níbi tí àwọn ọmọdé àti aṣọ fèrèsé wà. Kí a yọjú sí òde. Bí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn, kò sí ohun tí a fẹ́ tú wò nínú ilé wa. Ó lè jẹ́ pé àkókò iná wa ni ó parí. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín àwa tí ń san owó iná sí ọ̀wọ́ márùn-ún, láti A títí dé E: ọ̀wọ́ A ni ó yẹ kí ó rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B fún 16, C fún 12, D fún 8, E fún 4. Ẹni tí ó wà ní ọ̀wọ́ E tí ó ń sáré kiri ní ọ̀sán nítorí pé iná kò sí, ó ń dá ara rẹ̀ lágara lásán. Ó sì tún lè jẹ́ pé ọ̀nà iná orílẹ̀-èdè ni ó wó lulẹ̀ látòkè, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe nígbà púpọ̀ ní ọdún 2024. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, orí rédíò ni a ó ti gbọ́, kò sì sí oníṣẹ́ kan ní ìlú wa tí ó lè tún un ṣe.

Bí ó bá jẹ́ ilé wa nìkan ni iná kú sí, ẹ jẹ́ kí a lọ síwájú mítà. Kí a wò ó ni mo wí; kí a má ṣe tú u. Bí ojú rẹ̀ bá ń tàn tí ó sì fihàn pé owó ti tán, a ti rí ìdí rẹ̀: kí a ra iná, kí a sì tẹ nọ́ńbà 20 tí wọ́n bá fún wa sínú rẹ̀. (Mo mọ ẹnìkan ní ilé ẹ̀kọ́ wa yìí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ó ti pe oníṣẹ́ tí ó sì ti sanwó ọkọ̀ fún un kí ó tó rántí pé òun kò ra iná.) Bí owó bá wà tí ojú mítà sì ń tàn, ó dájú púpọ̀ pé iná dé ẹnu ọ̀nà ilé, inú ilé ni àléébù wà. Bí ojú mítà bá ṣókùnkùn pátápátá, ó ṣe é ṣe kí iná má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá, iṣẹ́ náà sì ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ti àwọn oníṣẹ́ ilé iná ni.

Nígbà tí a bá ti mọ̀ pé inú ilé ni, kí a wá lọ sí ìdí àpótí bírékà. Ọwọ́ wa gbọ́dọ̀ gbẹ, bàtà gbọ́dọ̀ wà ní ẹsẹ̀ wa, ilẹ̀ tí a dúró lé gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí a bá gbọ́ òórùn ohun tí ń jó, tàbí ìró bí ẹni ń dín nǹkan, tàbí tí ògiri ibẹ̀ gbóná, a kò gbọdọ̀ ti nǹkankan sókè. Bí a bá lè pa súwíìṣì àgbà láìfarapa, kí a pa á, kí a sì kó ènìyàn jáde. Bí kò bá sí èyí, kí a yọ gbogbo ohun tí ó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì: fìríìjì, áyọ́ọ̀nù, amóhùnmáwòrán, gbogbo rẹ̀. Kí a pa gbogbo bírékà kéékèèké. Lẹ́yìn èyí kí a ti èyí àgbà sókè lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá dúró, kí a máa ti àwọn kékeré sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa dá àwọn ohun èlò padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a bá fi sí i tí iná sì tún kú, òun ni ọ̀tá ilé. Kí a yọ ọ́ sápá kan, kí a gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí bírékà bá tún wálẹ̀ nígbà tí kò sí ohun kan lára ògiri, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí àwọn tí ń fi ọwọ́ dì í mú sókè bí ẹni ń di ẹnu ajá. Ohun tí ń ké fún wa pé ewu ń bẹ, kì í ṣe òun ni a ń bá jà.

Ọ̀rọ̀ fíúsì náà kò yàtọ̀ sí èyí. Okùn tín-ín-rín ni ó wà nínú rẹ̀, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó lè tètè yọ́ ni, kí wáyà inú ògiri má baà jóná. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò ní fíúsì tirẹ̀ nínú, ó sábà máa ń jẹ́ áńpíà 3 fún ohun kékeré bí àtùpà orí tábìlì, tàbí 13 fún ohun tí ń mú ooru wá. Ẹni tí ó bá mú okùn bàbà tàbí ìda páálí sìgá tí ó fi dípò fíúsì, ó ti yọ ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Iná yóò tàn fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àléébù bá dé, wáyà inú àjà ni yóò yọ́ dípò fíúsì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò díẹ̀ hàn yín kí a lè mọ bí ohun tí ń pani ti kéré tó. Bírékà kan wà tí a ṣe láti dáàbò bo ènìyàn, tí ó ń pa iná bí ó bá rí i pé iná ń sá gba ara ènìyàn lọ sínú ilẹ̀. Ìwọ̀n tí a sábà ń ṣe é sí ni ìdá 30 nínú 1,000 áńpíà kan, nítorí pé ohun tí ó bá ju èyí lọ lè mú kí ọkàn ènìyàn máa gbọ̀n dípò kí ó máa lù. Gílóòbù àtijọ́ kan tí ó jẹ́ wáàtì 60 ń fa nǹkan bí ìdá 260 nínú 1,000 áńpíà. Ìwọ̀n iná tí gílóòbù kan ṣoṣo fi ń tàn ju ìwọ̀n ewu náà lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn Ìṣirò, ẹ fi 230 pín 60, ẹ ó rí i.

Àwọn ohun kan wà tí ó jẹ́ pé kì í ṣe pé kí a fìṣọ́ra fọwọ́ kàn wọ́n, kí a má tilẹ̀ fọwọ́ kàn wọ́n rárá ni: kọ́tàòtù, òpó iná, àpótí fíúsì ńlá tí ó wà ní ìdí tíráńsífọ́mà, àti tíráńsífọ́mà fúnra rẹ̀. Ní àwọn àdúgbò wa, àwọn ènìyàn a máa dá owó jọ fún ẹni tí yóò lọ yí wọn sí fẹ́ẹ̀sì mìíràn. Yàtọ̀ sí pé ó lè pa ẹni náà, bí gbogbo ilé bá ṣí lọ sórí fẹ́ẹ̀sì kan, ẹrù náà yóò pọ̀ jù fún un, òun náà yóò sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Wáyà tí ó já sílẹ̀ ni ó burú jù. Bí a bá rí i, kí a gbà pé iná wà lára rẹ̀, ìbáà dákẹ́ bí òkú ejò, ìbáà sì jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn, nítorí pé wọ́n lè mú iná padà wá nígbàkigbà. Kí a jìnnà sí i tó ìṣísẹ̀ gígùn 15 ó kéré tán, kí a dá àwọn ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn dúró, kí a sì jìnnà sí irin ọgbà tàbí omi tí ó fara kàn án. Ilẹ̀ tí ó yí i ká pàápàá ní iná nínú: bí ẹsẹ̀ wa kan bá súnmọ́ ọn tí èkejì sì jìnnà, iná lè gba ẹsẹ̀ kan gòkè kí ó sì gba èkejì sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá bá ara rẹ̀ nítòsí rẹ̀, kí ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ó máa wọ́ wọn nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jìnnà. Kí ó má ṣe sáré.

Bí iná bá gbé ènìyàn nínú ilé, kí a má ṣe fi ọwọ́ fà á. Kí a sáré pa súwíìṣì àgbà. Bí a kò bá rí i pa, kí a dúró lórí ohun gbígbẹ, kí a fi igi gbígbẹ, bí ọ̀pá ìgbálẹ̀, ti wáyà náà kúrò lára rẹ̀. Ọ̀nà yìí wà fún iná inú ilé nìkan. Fún wáyà òpó tí ó já, igi kò ràn án. Kí a pe àwọn oníṣẹ́ ilé iná kí wọ́n pa á, bí ó ti wù kí ó dùn wá tó. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ ẹni náà, bí kò bá mí, kí ẹni tí ó mọ bí a ti ń tẹ àyà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ lójú kan náà, kí ẹlòmíràn sì wá ọkọ̀. Kódà bí ó bá dìde tí ó ń rẹ́rìn-ín, kí ó dé ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí pé inú ni iná ń jó, ìta kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn.

Àmì kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Bí gílóòbù kan bá ń tàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ nígbà tí ti yàrá kejì tàbí ti ilé kejì rẹ̀wẹ̀sì, ẹ má ṣe yọ̀ pé iná lágbára lónìí. Ó lè jẹ́ pé níútírà ni ó já, tí agbára tí ó lè súnmọ́ 400 fólítì sì ń wọ ilé tí a ṣe fún 230. Kí a pa súwíìṣì àgbà láìdúró, kí a sì fi sun ilé iná.

Nípa jẹnẹrétọ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kí ó má ṣe wọ inú ilé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí pé èéfín rẹ̀ kan wà tí kò ní òórùn tí ó sì ń pa àwọn tí ó sùn. Kí a má sì ṣe fi wáyà so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, àfi kí súwíìṣì tí ń yí iná padà wà láàárín. Bí kò bá sí, iná jẹnẹrétọ̀ wa yóò jáde gba ọ̀dọ̀ tíráńsífọ́mà, tíráńsífọ́mà tí ń sọ 11,000 di 230 yóò sì sọ 230 di 11,000, oníṣẹ́ tí ó gun òpó láti tún ọ̀nà ṣe fún wa ni yóò sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀.

Ó wá kù bí a ti ń sọ fún àwọn tí ó ni iná. Orúkọ Nẹ́pà ti kásẹ̀ láti ọdún 2005, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà ṣì ń kígbe "Ọ́pù Nẹ́pà!" bí iná bá dé. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ti ń pín iná. Ti Ìbàdàn ni ó ni apá tí ó pọ̀ jù nínú Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Kúwárà. Ti Ìkẹjà àti ti Èkó pín ìpínlẹ̀ Èkó mọ́ra wọn lọ́wọ́. Oǹdó àti Èkìtì wà lábẹ́ ti ìlú Bìní. Ara ìwé owó iná tàbí ìwé tí a fi ra iná ni nọ́ńbà tí a ó fi pè wọ́n wà, níbẹ̀ náà sì ni nọ́ńbà mítà àti nọ́ńbà àkáǹtì wa wà.

Nígbà tí mo fetí sí bí àwọn ará ilé wa ti ń pè wọ́n, mo rí i pé ẹkún ni wọ́n ń sun. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa, kò sí iná níbí láti àná!" Ẹni tí ó gbọ́ èyí kò mọ ibi tí "níbí" wà. Mo kọ ọ̀kan sílẹ̀ fún Bàbá onílé báyìí: "Nọ́ńbà mítà wa nìyí. Iná kú ní agogo 7:40 alẹ́ òní. Ilé mẹ́fà ni ó kàn, àwọn tí ó kù ní iná. A gbọ́ ìró bí ìbọn láti ara tíráńsífọ́mà tí ó wà níwájú ilé ìjọsìn. Kò sí wáyà nílẹ̀, kò sí ẹni tí ó fara pa." Bí wáyà bá já tàbí tí ènìyàn bá fara pa, ọ̀rọ̀ yẹn ni kí ó ṣíwájú gbogbo rẹ̀. Kí a gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà, kí a kọ ọ́ pẹ̀lú ọjọ́, agogo, àti orúkọ ẹni tí ó dáhùn. Nọ́ńbà yìí ni ẹ̀rí wa. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá dá wa lóhùn, ọ́fíìsì ìgbẹ́jọ́ àjọ tí ń ṣàkóso iná, tí a ń pè ní NERC, ni a tún lè gbé e lọ. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2024, lábẹ́ òfin iná ti ọdún 2023, àwọn ìpínlẹ̀ kan, bí Èkìtì àti Oǹdó, ti ń ṣàkóso tiwọn fúnra wọn. Ibikíbi tí ó wù kí ó jẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò béèrè ni ẹ̀rí pé a ti kọ́kọ́ sọ fún ilé-iṣẹ́.

Nígbà tí a bá ń retí iná, kí gbogbo nǹkan wà ní yíyọ, kí a fi gílóòbù kan ṣoṣo sílẹ̀ ní títàn láti fi mọ̀ pé ó dé. Bí ó bá dé, kí a dúró díẹ̀ kí ó fìdí múlẹ̀ kí a tó fi fìríìjì sí i.

Kí n tó kúrò ní ilé náà, mo kọ gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí sórí páálí kan ní lẹ́tà gàdàgbà, nítorí ojú Bàbá onílé, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà. Bàbá béèrè ìdí tí mo fi kọ "Ẹ WO MÍTÀ NÁ" sókè rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fun pupa. Mo sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Tíṣà, ìwọ náà kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà." N kò rí èsì fún wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń kọ́ṣẹ́ báyìí lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà yẹn. Ìka rẹ̀ méjì kò tíì ká dáradára.